Ọwọ́ Tí O Fà Sẹ́yìn Nídìí Oyin

Ilé wa, Èjìgbò,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn òjò.

Fúnmiláyọ̀, Àjọkẹ́ mi,

Bí lẹ́tà yìí bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, jókòó kí o tó ṣí i. Má dúró kà á, má sì kà á nígbà tí ọbẹ̀ wà lórí iná, nítorí ó gùn. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́. N kò pe ọmọ iléèwé kankan kó wá bá mi kọ ọ́. Ìyá tó ń tẹ ìka lórí ìwé nígbà kan, òun náà ló ń fi bírò kọ̀wé sí Àbíjàn báyìí. Tíṣà wa ní kíláàsì ẹ̀kọ́ àgbà sọ ọ́ níwájú gbogbo wa pé ìwé mi dúró ṣánṣán, pé ti àwọn yòókù ń dùbúlẹ̀.

Báwo ni ọkọ rẹ? Ṣé Bísí, ọmọ-ọmọ mi olójú ẹyẹlé, ti ń gbọ́ Faransé? Sọ fún un pé ìyá àgbà ní Faransé dára, ṣùgbọ́n kó má gbàgbé bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ kí ènìyàn. Gbogbo kíláàsì wa ló ti rí fọ́tò rẹ̀. Àwọn kan ti rí i lẹ́ẹ̀mejì, wọn kò sì lè sọ pé ó sú wọn.

Kíkí ti parí. Ó ku ọ̀rọ̀.

Fúnmi, ẹnu yà mí. Láti ọjọ́ ìkómọ tí a ṣe fún ọmọ Débọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ, ni ẹnu ti yà mí, kò sì tí ì padé. O mọ̀ bí a ṣe ń ṣe é nílé wa. Iyọ̀ á lọ yíká, omi á lọ yíká, oyin á tẹ̀ lé e. Gbogbo ẹni tó bá wà níbẹ̀ á ti ìka bọ inú àwo kan náà, á fi kan ahọ́n, nítorí adùn tí a fẹ́ kí ọmọ náà rí láyé, ẹnu gbogbo wa la fi ń sọ ọ́. Arúgbó tọ́ ọ wò. Ọmọ tí kò tí ì léyín tọ́ ọ wò. Ìyá Ràfíù aládùúgbò wa, Mùsùlùmí láti ilé Mùsùlùmí, tọ́ ọ wò, ó sì ṣe àmín. Débọ̀ fúnra rẹ̀ ló gbé àwo oyin náà dé iwájú rẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ ni o, ó bẹ̀rẹ̀ fún ọ. Ìwọ sì ká ọwọ́ rẹ bọ abẹ́ ìborùn, o ń wo ògiri.

Mo rò pé o kò rí i ni. Mo ní, “Fúnmi, oyin ti dé ọ̀dọ̀ rẹ.”

O ní, “Mo ti rí i, màámi.”

O ti rí i!

Ìyá Ràfíù fi ẹnu kò mí létí, ó ní, “Ìyá Débọ̀, àbí oyin náà ti kan ni? Èmi ti lá tèmi o.” Kí n tó rí èsì fọ̀, ọkọ rẹ̀ aránṣọ ti sọ̀rọ̀ látẹ̀yìn: “Ẹ fi í sílẹ̀. Bóyá òní ni ààwẹ̀ àwọn onígbàgbọ́ bẹ̀rẹ̀.” Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí a fi ń bo ìtìjú mọ́lẹ̀.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, o ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti lọ bá ọkọ rẹ. O kí gbogbo agbo ilé pé ó dìgbà. O tilẹ̀ kí ọ̀dọ́bìnrin tó ń ta àkàrà lójúde. Ṣùgbọ́n o gba iwájú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà Débọ̀ kọjá, a ń gbọ́ ayùn rẹ̀ lọ́wọ́, o kò yà. Ayùn náà dákẹ́ díẹ̀. Ó dá mi lójú pé ó rí ọ. Kò jáde, ìwọ náà kò yà, mọ́tò Àbíjàn sì gbé ọ lọ.

Ẹ̀yin méjì péré ló kù fún mi nínú gbogbo àwọn tí mo bí. Bàbá yín ti lọ, èmi náà kì í ṣe ọmọdé mọ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá ní Ìyá Débọ̀ ti sùn, ta ni yóò ránṣẹ́ sí ta ni? Ìdí tí mo fi mú bírò nìyẹn. Mo fẹ́ kí o bá ẹ̀gbọ́n rẹ sọ̀rọ̀ nígbà tí mo ṣì lè gbọ́ ọ.

Tíṣà wa ní bí ọ̀rọ̀ bá pọ̀, ká fi nọ́ńbà sí i kí wọ́n má baà gun ara wọn lórí.

Nọ́ńbà kìíní. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìjọ wà nínú ìjà yín. Débọ̀ kúrò nínú ìjọ tí bàbá yín ti ṣe díákónì, ó lọ bá àwọn tó ń pàdé nínú ilé tí a kò tí ì kàn lórí lọ́nà ìlú Ara. Ó dun èmi náà. Mo pè wọ́n ní aláriwo. Nígbà tí àwọn ìyá ìjọ wa ní àwọn yẹn máa ń pàtẹ́wọ́ bí ẹni ń lé ẹyẹ lóko ìrẹsì, èmi ni mo rẹ́rìn-ín jù. Ṣùgbọ́n wò ó, ọmọ mi. Ẹni tó bá ń pe Bàbá wa ní Bàbá, ọmọ ìyá wa ni, bí ó ń pariwo pè é, bí ó sì jẹ́ pé ó ń sùn nínú ìjọ bíi ti àwa kan tí n kò ní dárúkọ. Kò sí ẹni tó ní kí ẹ jọ jókòó lórí àga kan náà lọ́jọ́ Ìsinmi. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń gbàdúrà lọ́nà Ara kò bá lè fi ìka bọ àwo kan náà pẹ̀lú ẹni tó ń gbàdúrà nígboro, kí ni àwọn Mùsùlùmí tó wà níbẹ̀ yóò sọ pé Jésù ṣe fún wa? Ní Àbíjàn tí o wà yẹn, o ó bá ará Màsífà pàdé, o ó bá ará Ọ̀lá pàdé, onígbàgbọ́ àti onímàle, wọn yóò jọ jẹun nítorí pé ìlú àjèjì ni. Ṣé ó yẹ kí ìlú àjèjì kọ́ wa ní ohun tí ilé ìyá wa kò kọ́ wa?

Nọ́ńbà kejì. Èyí ṣẹlẹ̀ kí n tó bí ọ. Débọ̀ ṣì wà lẹ́yìn mi nígbà náà, a sì ń fi oko ẹ̀gẹ́ ọ̀nà Ọ̀lá jẹun. Àáró ni àwa obìnrin ìjọ fi ń ṣe gàrí. Bó bá kan ìwọ, gbogbo wa á wá bá ọ bó ẹ̀gẹ́. Bó bá kan èmi, ìwọ náà á wá. Kò sí ẹni tó lè dá bó ẹ̀gẹ́ odidi oko kó tó bàjẹ́. Èmi àti Màmá Rúùtù wá jà. Ohun tó fà á, wàá rẹ́rìn-ín: ó ní ohùn mi ń bo ti gbogbo ẹgbẹ́ akọrin mọ́lẹ̀. Òótọ́ ni, ohùn mi ròkè. Ṣùgbọ́n ṣé Màmá Rúùtù tí ohùn rẹ̀ dà bíi ti ewúrẹ́ tó há sínú ọgbà ló yẹ kó sọ ọ́? Nígbà tí àáró kàn án, mo jókòó sílé, mo ń dirun. Mo tilẹ̀ gbé àpótí síta kí àwọn tó ń lọ síbẹ̀ lè rí i pé kì í ṣe àìsàn ló ń ṣe mí.

Àáró wá kàn mí. Bàbá yín ti wú ẹ̀gẹ́, ó ti kó o jọ gègèrè sẹ́yìn ilé. Mo se ẹ̀wà sílẹ̀ de àwọn tó ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó yọjú. Òfin àáró kò ṣòro: o kò lọ, wọn kò wá. Èmi nìkan ń bó o, Débọ̀ ń ké lẹ́yìn mi. Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, inú ẹ̀gẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Ibi tí mo ti ń bó o tí omi ń bọ́ lójú mi ni òjìji ènìyàn bò mí. Mo gbójú sókè. Màmá Rúùtù ni, pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́. Mo rò pé ó ti parí fún mi!

Ó fi ẹsẹ̀ fa àpótí, ó jókòó. Ó ní, “Má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. N kò tí ì dárí jì ọ́. Ẹ̀gẹ́ ló ṣe mí láàánú. Kó èyí tó ti dúdú sọ́tọ̀, ká fi ṣe láfún.”

A bó ẹ̀gẹ́ títí, a kò bá ara wa sọ̀rọ̀. Nígbà tó ṣe, ó bu ẹ̀wà mi jẹ, ó ní, “Gbé iyọ̀ wá. Ẹ̀wà rẹ ò níyọ̀, orin nìkan lo mọ̀.” Mo bú sẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni ìjà náà kú sí. Títí Màmá Rúùtù fi lọ bá Olúwa, n kò rántí ọjọ́ kan tó sọ fún mi pé òun ti dárí jì mí. Ọwọ́ rẹ̀ ló dárí jì mí kí ọkàn rẹ̀ tó mọ̀. Ọkàn máa ń lọ́ra, Fúnmi. Bí a bá dúró dè é, ẹ̀gẹ́ á jẹrà. Jẹ́ kí ọwọ́ ṣáájú. Ọwọ́ tí o ká bọ abẹ́ ìborùn yẹn, òun ni mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ nà jáde.

Nọ́ńbà kẹta. Àdúrà tí Olúwa kọ́ wa, láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n lórí, mo máa ń sọ ọ́ wìrìwìrì bí ẹni ń sáré kọjá lójú òjò. Nígbà tí mo wá mọ̀wé kà, tí mo fi ìka tẹ̀ lé e lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan, mo kan ibi tí a ti ní kí Ọlọ́run dárí jì wá gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń dárí ji àwọn tó ṣẹ̀ wá. Háà! Ṣé ohun tí mo ti ń bẹ̀bẹ̀ fún láti ọjọ́ yìí wá nìyí? Mo pa ìwé dé. Mo

Fúnmi, mo dáwọ́ dúró níbi tí o rí yẹn. Ọjọ́rú la wà báyìí. Jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ọ.

Débọ̀ ló wọlé. Ó wá tún fèrèsé mi ṣe, èyí tí kì í padé dáadáa. Ó rí mi lórí tábìlì, ó ní, “Màámi, kí lẹ ń kọ tó gùn tó báyìí? Àbí gómìnà lẹ ń kọ̀wé sí?”

Mo ní, “Àbúrò rẹ ni. Mò ń bá a wí nítorí rẹ.”

Òòlù dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, “Ẹ má bá a wí.”

“Kí ló dé?”

“Ẹ má bá a wí, màámi. Èmi ló yẹ kí ẹ bá wí.”

Ó wá sọ ọ́. Ó ní lọ́jọ́ tí a ti ibi ìsìnkú Kúnlé dé, Kúnlé ọmọkùnrin rẹ tí ibà mú lọ, òun wọlé bá ọ nínú yàrá. Ó ní òun sọ fún ọ pé, “Ṣé o rí i báyìí? Mo ní kí ẹ kúrò nínú ìjọ òkú yẹn. Ká ní àwọn ará ìjọ tiwa ló gbàdúrà fún un ni, Kúnlé ì bá má kú.”

Mo ní kó tún un sọ, nítorí mo rò pé etí mi ló ń tàn mí. Ó tún un sọ. Fúnmi, mo ti rí nǹkan láyé, mo ti rí i tí iná jó ilé, mo ti rí i tí omi gbé ènìyàn. Èyí ta mí bí àkeekèé. Inú mi ni ẹni tó sọ ọ́ ti jáde, inú mi ni ẹni tí wọ́n sọ ọ́ fún ti jáde.

Mo ní, “Débọ̀, ọmọ mélòó ni mo bí?”

“Màámi, ẹ jọ̀ọ́.”

“Mo bi ọ́ léèrè.”

“Márùn-ún ni, mà.”

“Mélòó ló kù?”

“Èmi àti Fúnmi.”

“Àwọn yòókù, ìjọ wo ló pa wọ́n?”

Mo tún ní, “Bàbá rẹ tó kúnlẹ̀ àdúrà títí awọ orúnkún rẹ̀ fi le, àdúrà wo ni kò gbà tó yẹ kó gbà? Ká ní ẹnìkan wọlé tọ̀ mí wá lọ́jọ́ tí a sin àwọn ọmọ yẹn, kó sọ ohun tí o sọ fún àbúrò rẹ, ṣé o rò pé mo máa dìde nílẹ̀ tí mo máa fi bí ẹ̀yin tó kù?”

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń sunkún bí ọmọdé. Ó ní, “Màámi, mo rò pé ìtara Olúwa ni.”

Mo ní, “Iná tó bá ti ń jó ilé, a kì í pè é ní àtùpà mọ́.”

Ó ní láti ọjọ́ náà òun kò sùn dáadáa, pé ojú ló ti òun láti tọ̀ ọ́ wá, pé oyin tí òun gbé wá síwájú rẹ lọ́jọ́ ìkómọ, ẹ̀bẹ̀ ni òun rò pé òun fi ń bẹ̀ ọ́. Mo ní, “Oyin ò lẹ́nu. Ìwọ lo lẹ́nu. Ẹnu tó sọ ọ̀rọ̀ yẹn ni kó bẹ̀bẹ̀.”

Ọmọ mi, àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Àgbà náà nìyí, èmi ni. Ohun tí mo kọ sókè, n kò pa á rẹ́, nítorí mo rò ó tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n etí kan ni mo fi gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Jọ̀ọ́, bí o ti ń kà á, yọ ìbáwí kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n jẹ́ kí ìtàn ẹ̀gẹ́ wà níbẹ̀.

Ohun tó tún yà mí lẹ́nu jù nìyí. Gbogbo ọjọ́ ọ̀fọ̀ yẹn, orí ẹní kan náà ni èmi àti ìwọ jọ ń sùn. Èmi ni mò ń fi omi gbígbóná nu ara rẹ. O kò sọ fún mi. O kò sọ fún ọkọ rẹ, nítorí ká ní o sọ ọ́, ọkọ rẹ kì bá tún wọ agbo ilé wa. Mo ti ń rò ó láti ìjẹta. O mọ̀ pé bí mo bá gbọ́, n kò ní lè wo ojú Débọ̀. O gbé e mì kí n má baà sọ ọmọ mi nù. Ẹni tó bo ìhòòhò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú ìyá wọn, ìdajì ìdáríjì ló ti ṣe yẹn, kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́. Ó ku ìdajì. Ìdajì tó kù yẹn ló wúwo, mo mọ̀.

N kò rántí nọ́ńbà tí a dé mọ́. Jẹ́ ká fi nọ́ńbà sílẹ̀.

Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé onígbàgbọ́ rere gbọ́dọ̀ ní kò dun òun. Ẹni tó yàgbẹ́ lè gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Sọ fún Débọ̀ bó ṣe dùn ọ́ tó. Sọ ọ́ tán. Ẹyin lohùn, ó ti fọ́, kò sẹ́ni tó lè tò ó pọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó fọ́ ọ yẹ kó rí i nílẹ̀, kó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbá a. Bí ẹkún bá dé, sun ún níwájú rẹ̀. Bí o bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ nà án, nà án. Ṣùgbọ́n má ṣépè, má sì fi ìjọ rẹ̀ bú u. Gbogbo wọn kọ́ ló rán an. Ní ọ̀dọ̀ tiwa náà, àwọn kan wà tó sọ lẹ́yìn rẹ pé o kò gbààwẹ̀ tó ni Kúnlé fi kú. Mo gbọ́ ọ nígbà yẹn, mo sì gbé ojú kúrò. Àwa náà ni ìjọ. Bí a bá ń wá ìjọ tí kò sí ahọ́n nínú rẹ̀, inú ibojì la ó bá a.

Má sì jẹ́ kó jẹ́ nítorí mi lo ṣe dárí jì í. Mo ti fẹ́ kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé kí o ṣe é nítorí ọmú tí o mu. Mo gbà á padà. Ìdáríjì tí a fipá gbà lọ́wọ́ ènìyàn, bí ẹran tí kò jinná ni. Ẹnu á gbé e, inú á kọ̀ ọ́. Nítorí Ẹni tó dárí ji ìwọ náà ni kó jẹ́, ní ọjọ́ tí o bá lè ṣe é. Bí kì í bá ṣe òní, kó jẹ́ ọ̀la. Má kàn fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn náà kí o wá gbé kọ́kọ́rọ́ sọ sínú òkun Àbíjàn.

Nígbà tí Débọ̀ dìde nílẹ̀, ó ní òun yóò kọ lẹ́tà tirẹ̀ mọ́ tèmi. Mo ní rárá, ọ̀rọ̀ tó fi ẹnu sọ, kò gbọdọ̀ fi bírò bẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Ó jáde lọ bá Ìyá Ràfíù, tó ń di aṣọ tó fẹ́ lọ tà lọ́dọ̀ yín. Mo gbọ́ ohùn wọn lójúde.

“Ìyá Ràfíù, báwo ni wọ́n ṣe ń sọ ‘ẹ má bínú’ ní Àbíjàn?”

“Pàdọ́ọ̀ ni. Bí wọ́n bá tẹ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀, pàdọ́ọ̀. Bí wọ́n bá gba ẹran lẹ́nu rẹ, pàdọ́ọ̀. Kí lo fẹ́ fi ṣe?”

“Mo fẹ́ lọ bẹ Fúnmi.”

“Ah! Má lọ sọ pàdọ́ọ̀ fún Fúnmi o, á rò pé o tẹ òun lẹ́sẹ̀ ni. Yorùbá ni kó o fi bẹ̀ ẹ́. Kó o sì sùn mọ́lẹ̀ dáadáa.”

Ó ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Pásítọ̀ wọn fẹ́ tẹ̀ lé e, mo ní kò gbọdọ̀ mú pásítọ̀ lọ, tiwọn tàbí tiwa. Mo ní kó má sọ fún ọ pé ìtara ni, kó má ṣàlàyé, kó má ka ẹsẹ Bíbélì kankan sí ọ létí. Ohun tó ṣe ni kó dárúkọ, kó dákẹ́, kó sì gbọ́ ohunkóhun tí o bá fẹ́ sọ.

Fúnmi, Ìyá Ràfíù ló fi lẹ́tà yìí lé ọ lọ́wọ́, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má sọ nǹkankan. Kì í ṣe òun nìkan ló wá. Débọ̀ wà níta ilé yín. N kò jẹ́ kó wọlé, nítorí kò yẹ kó yọ sí ọ lójijì kí o tó mọ̀ pé ìyá rẹ ti gbọ́, pé ìwọ nìkan kọ́ ló ń gbé ẹrù náà mọ́. Bí o kò bá ṣílẹ̀kùn lónìí, kò ní kàn án, kò ní pariwo, kò ní dúró máa gbàdúrà sókè fún àwọn aládùúgbò rẹ gbọ́. Yóò bá Ìyá Ràfíù lọ síbi tó máa ń wọ̀ sí, yóò sì padà wá lọ́jọ́ kejì. Èmi náà kò ní bínú sí ọ.

Ó ní òun yóò dúró níbẹ̀ títí o fi máa ka lẹ́tà yìí tán.

O ti kà á tán báyìí.

Ìyá tó bí ẹ̀yin méjèèjì,
Rákẹ́lì Àdùkẹ́